Orúkọ Tí Mo Fún Ní Òdo

"Felísíà," Ẹlẹ́yinjú ọ̀rẹ́ mi kà á jáde, ó sì gbójú sókè wò mí. "Adájọ́, kí lo wí?"

"Mẹ́rin nínú mẹ́wàá," mo dáhùn. "Orúkọ tíṣà tó máa ń fi rúlà na èèyàn níka ni."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ wa kejì, rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú kúrò lórí páálí òwú tó jókòó lé.

"Rúùtù ńkọ́?"

"Méje. Ó kúrú, ó mọ́ tónítóní, kò sì ní jẹ òwú."

Ọ̀rọ̀ òwú yẹn kì í ṣe àwàdà. Iṣẹ́ ìyá mi ni láti máa fi òwú kọ orúkọ ọmọ tuntun sára ṣọ́ọ̀lù. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kọjú sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sórí aṣọ, òwú oríṣiríṣi àwọ̀ sì tò sórí pákó lẹ́yìn rẹ̀ láti orí funfun dé orí dúdú. Àwọn aláboyún máa ń wá bá a nígbà tí oyún bá ti tó oṣù méje. Àwọn kan ti mọ orúkọ tí wọ́n fẹ́, àwọn kan ò mọ̀ ọ́n rárá. Nítorí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ni ìyá mi ṣe ṣí ìwé kan tí a ń kọ orúkọ ọmọbìnrin sí, torí ó ní orúkọ ọmọbìnrin ló ń dààmú àwọn oníbàárà jù. Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé náà.

Ẹnu mi kì í sinmi, ọwọ́ mi náà kì í sinmi. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi máàkì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi kọ́kọ́ bá mi wí, àmọ́ nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé, "Kí ni ọmọ yín wí sí èyí?", ó fi mí sílẹ̀, ó sì sọ mí ní Adájọ́. Orúkọ yẹn wọ̀ mí lórí. Mo gbà pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Èrò mi nípa orúkọ kò lọ́jú pọ̀. Màríà dára, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá pè é ní àgbàlá ilé ìwé, èèyàn mẹ́fà ni yóò yíjú, nítorí náà márùn-ún. Mojísọ́lá dùn létí, mẹ́jọ. Ìbírónkẹ́, mẹ́ta, torí mo rò pé ẹni tó bá ń jẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ sanra. Orúkọ tí ó bá gùn jù, mo máa ń yọ máàkì kúrò níbẹ̀, torí ìyá tí inú ń bí kò ní tíì pè é tán kí ọmọ tó sá lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni orúkọ tí ẹnì kankan ní àdúgbò wa kò jẹ́ rí. Irú rẹ̀ ló máa ń gba mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá.

Ìyá Àgbà máa ń jókòó sórí àpótí kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Òun ló bí ìyá mi. Òun ló máa ń gé òwú tó bá yọ sẹ́yìn aṣọ, tó sì máa ń fi ọwọ́ ṣẹ́ etí ṣọ́ọ̀lù kí a tó dì í fún oníbàárà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tó wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ìyá Àgbà ni mò ń pè é, Ìyá Àgbà ni bàbá mi ń pè é, Ìyá Àgbà ni gbogbo àdúgbò àti gbogbo oníbàárà ń pè é. "Ìyá mi" ni ìyá mi ń pè é. Kò sí ìgbà kankan tí mo rò ó pé ó ní orúkọ mìíràn.

Ní ọdún tí mo pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí gbogbo ènìyàn ti gbà pé èmi nìkan ni ìyá mi máa bí, ó lóyún. Àyẹ̀wò fi hàn pé obìnrin ni. Ìyá mi pè mí, ó ní, "Ó ti pẹ́ tí o ti ń dájọ́ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Ó yá, wá dá ti àbúrò rẹ. Èyí tí o bá mú ni yóò jẹ́." Bàbá mi, tó jẹ́ awakọ̀ ẹrù, tó sì máa ń pẹ́ lọ́nà, sọ lórí fóònù pé bí mo bá tiẹ̀ sọ ọ́ ní Táyà, òun fara mọ́ ọn.

Bí àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì ṣe dé ṣọ́ọ̀bù wa ní ọjọ́ Sátidé yẹn nìyẹn. Ìyá mi ti jáde lọ fún oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀lù rẹ̀. A ti ka orúkọ tó lé ní àádọ́ta, ikùn ti ń dùn wá fún ẹ̀rín, kí a tó dé orí èyí tí mo ti fi sọ́kàn láti ọjọ́ yìí wá.

"Aríyánà," mo wí. "Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Àríyànjiyàn ti parí."

Ìyá Àgbà gbójú sókè. "Aríyá kẹ̀? Ṣé a fẹ́ se àsè ni?"

"Aríyánà ni, Ìyá Àgbà. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ ládùúgbò yìí."

"Háà. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ o."

"Ilé wa náà ni mo wò, Ìyá Àgbà. Ó ti ń fẹ́ ọ̀dà tuntun."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé òwú. Lẹ́yìn náà, láìwo ojú wa, ó ní, "Ẹ bá mi fi ẹyọ kan kún un."

"Ẹ wí, Ìyá Àgbà."

Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu itan rẹ̀. "Àwẹ̀ró," ló wí. Ó sọ ọ́ ní ohùn ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá orúkọ náà ṣì wà lẹ́nu òun.

Ẹlẹ́yinjú wò mí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti fi ọwọ́ bo ẹnu. N kò ní parọ́ níbí yìí: mo rí nǹkan kan lójú Ìyá Àgbà. N kò mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n mo rí i. Ká ní èmi àti òun nìkan la wà níbẹ̀ ni, mo mọ̀ pé ǹ bá bèèrè pé, "Ta ló ń jẹ́ ẹ?" Ṣùgbọ́n ojú àwọn ọ̀rẹ́ mi wà lára mi, wọ́n ń retí ìdájọ́, láti àárọ̀ ni mo sì ti ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo yan ẹ̀rín wọn.

"Àwẹ̀ró? Ìyá Àgbà, orúkọ yìí ń rùn bí aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí. Ọmọ tó bá ń jẹ́ Àwẹ̀ró, ọjọ́ tí wọ́n bá bí i ni yóò ti máa bèèrè ọ̀pá ìtilẹ̀. Òdo nínú mẹ́wàá."

Mo mú báírò pupa, mo kọ orúkọ náà sínú ìwé, mo sì kọ òdo gbàgàdà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ya ojú méjì sí i, mo ya ẹnu sí i, mo sì ya ahọ́n tó yọ síta. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ìyá Àgbà náà rẹ́rìn-ín.

"Ó ti gbó lóòótọ́," ó wí. "O ò purọ́." Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó tún gbé e sílẹ̀. "Bí wọ́n bá wá rọra pè é ńkọ́, ọkọ mi? Bí wọ́n bá pè é jẹ́jẹ́?"

"Bó ti wù kí wọ́n pè é, Ìyá Àgbà, òdo ni."

Ó mi orí, ó ní kò burú. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ tán, ó pè mí sún mọ́ra. "Má sọ fún ìyá rẹ pé mo dá sí i o. Ìwọ ló ní kí o yan." Mo ní mi ò ní sọ. Mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí n tó jẹun alẹ́.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ìyá mi fi òwú àwọ̀ ìyeyè kọ Aríyánà sára ṣọ́ọ̀lù funfun tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó bi Ìyá Àgbà bóyá ó ní orúkọ tí òun náà fẹ́ dá lábàá. Ìyá Àgbà ní, "Èyí tí ọmọ mú yẹn dára." Ó sì gba ṣọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fúnra òun ni yóò ṣẹ́ etí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe iṣẹ́ tí ì bá fi ọ̀sán kan ṣe tẹ́lẹ̀, torí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Èmi ni mò ń bá a fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́. Bó ṣe ń rán an ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà.

"A-rí-yá-nà. Ṣé mo pè é dáadáa?"

"Ẹ gbìyànjú, Ìyá Àgbà. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá."

"Máa fún mi ní méje," ó wí, "nítorí ọjọ́ orí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ti ilé ìwé dé ní ọ̀sán lẹ́yìn tí a ti ṣe ìdánwò tán. Ìyá mi ti lọ ra òwú ní ìgboro, ó sì gbàgbé fóònù rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo bá Ìyá Àgbà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì ṣì wà ní ìka rẹ̀. Ó ń mí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò là. Mo kígbe, káfíńtà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà sáré wá, òun ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa dé ilé ìwòsàn.

Wọ́n gbé e wọlé kíákíá. Akọ̀wé kan tó wọ awò ojú dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa ìwé kan yọ.

"Orúkọ aláìsàn?"

"Ìyá Àgbà ni."

"Mo mọ̀ pé ìyá àgbà ni. Orúkọ wọn ni mò ń bèèrè."

Mo wo káfíńtà. Ó wolẹ̀, ó ní, "Ìyá Àgbà lèmi náà mọ̀ o."

"Kí ni wọ́n jẹ́ sí ọ?" akọ̀wé náà bi mí. Kò le mọ́ mi rárá.

"Ìyá tó bí ìyá mi ni, sà."

Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ síbi tó yẹ kí orúkọ wà pé: *Ìyá arúgbó kan*. Èmi tí mo mọ orúkọ ọmọbìnrin mẹ́tàlélọ́gọ́jọ lórí, tí mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní máàkì, n kò mọ ti obìnrin tó gbé mi pọ̀n.

Nọ́ọ̀sì kan wá mú mi wọ wọ́ọ̀dù. Ó ní dókítà ti ṣe ohun tó lè ṣe, a kàn ń wò ó ni. "Àmọ́ wọ́n ṣì lè máa gbọ́ wa," ó wí. "Sún mọ́ wọn, kí o máa pe orúkọ wọn sí wọn létí, kí wọ́n má baà sùn lọ. Orúkọ tí wọ́n mọ̀ dáadáa ni o. Má pè wọ́n ní màmá. Gbogbo ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù yìí ló ń jẹ́ màmá."

Mo fi ẹnu mi sún mọ́ etí rẹ̀. "Ìyá Àgbà," mo wí. "Ìyá Àgbà."

Obìnrin arúgbó kan lórí bẹ́ẹ̀dì kejì yíjú sí mi, ó ní, "Èmi rèé, ọmọ mi." Ẹnì kan ní òdìkejì náà lajú. Ẹni tí mò ń pè kò lajú. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì ń sunkún, n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè pè é.

Ó tó wákàtí kan kí ìyá mi tó dé. Ó gbé oyún síwájú, ó sì fi àpò òwú há abíyá, torí àwọn ará àdúgbò pàdé rẹ̀ lọ́nà ni, kò tilẹ̀ dé ilé. Akọ̀wé náà tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, mà. Orúkọ wọn la fẹ́ kọ."

"Àwẹ̀ró," ìyá mi wí.

Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé nǹkan kan fún mi. Gbogbo ọjọ́ Sátidé yẹn padà bá mi lẹ́ẹ̀kan náà: ọwọ́ rẹ̀ tó fi nu itan, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn, báírò pupa. Mo tún fi ẹnu mi sún mọ́ etí rẹ̀.

"Àwẹ̀ró," mo wí.

Ọmọ kì í pe ìyá ìyá rẹ̀ lórúkọ. Ìyá mi yíjú sí mi, ó la ẹnu láti bá mi wí, ó wá rí ojú mi, ó sì fi mí sílẹ̀. Mo ń pè é jẹ́jẹ́, bó ṣe ní kí wọ́n máa pè é. Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró. Mo pè é títí ohùn mi fi há. Àwọn arúgbó tó kù nínú wọ́ọ̀dù dákẹ́, kò sí ẹni tó tún dáhùn dípò rẹ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ kò mì. Kí oòrùn tó wọ̀, nọ́ọ̀sì wá fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó sì fa aṣọ bò ó lójú. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ ẹyọ kan nínú gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó lè gbé ìwé orúkọ náà fún ìyá mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wo òdo tó yọ ahọ́n síta náà. Kò gbá mi létí. Ká ní ó gbá mi ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

"Ṣé Ìyá Àgbà mọ̀ pé n kò mọ orúkọ wọn?" mo bi í.

"Ó mọ̀. Ta ni ì bá ti sọ fún ọ?" Ó pa ìwé náà dé. "Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa pè é. Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró. Ohun yòówù kí ìyá mi máa ṣe, yóò sáré jáde bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n yẹn ti kú láti ọdún mẹ́rìnlá. Látìgbà náà, kò sí ẹni tó dàgbà tó láti pè é mọ́. Èmi ò lè pe ìyá mi lórúkọ. Ìwọ náà ò lè pè é. Bí kò bá ṣe ọmọ tuntun, ibo ni yóò ti gbọ́ orúkọ yẹn nínú ilé yìí?"

Mo wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n tú òwú ara ṣọ́ọ̀lù náà, kí n fi ọwọ́ ara mi kọ Àwẹ̀ró sí i.

"Rárá."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní rárá. Ìyá mi ló ṣẹ́ etí rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn nìyẹn, n ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi abẹ́rẹ́ kàn án. Àràárọ̀ ló máa ń fọwọ́ kan ikùn mi, tó ń kí ọmọ yìí. 'Aríyánà, ṣé dáadáa lo jí?' Orúkọ tí ìyá mi fi kí i ni yóò jẹ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹni tí Àwẹ̀ró ì bá dùn mọ́ nínú kò sí níbí mọ́. Bí a bá sọ ọ́ báyìí, ìwọ la fi ń tù nínú, kì í ṣe òun."

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Mo dìde, mo lọ gbá ṣọ́ọ̀bù.

Aríyánà ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Ọmọ tó rẹwà ni, ó sì fẹ́ràn láti máa fi ẹnu fa etí ṣọ́ọ̀lù rẹ̀, ibi tí ìránṣọ Ìyá Àgbà ti wọ́ díẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí mo bá pè é, orúkọ mìíràn máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Ẹlẹ́yinjú wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní òun ti bi ìyá bàbá òun ní orúkọ wọn, òun sì kọ ọ́ sínú bébà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò lè bèèrè ní tirẹ̀, wọ́n ti kú kó tó dáyé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, n kò mọ̀ ju yín lọ, ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ yìí, owó gọbọi ni mo fi rà á. Kò sí orúkọ tí kò ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Kí ẹ tó fi orúkọ kan ṣe yẹ̀yẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ lè rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ni ín. Bí ẹ bá sì ní àgbàlagbà nílé, ẹ bèèrè orúkọ wọn nígbà tí wọ́n ṣì lè dá yín lóhùn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

N kì í fi máàkì sí orúkọ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aláboyún kan tí kò tíì bímọ rí wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ṣí ìwé náà wò títí ó fi dé ojú ewé tí òdo pupa wà.

"Kí ló dé tí o ò pa èyí rẹ́?" ó bi mí.

"Kí n lè máa rí i ni, mà."

Ó fi ìka tọ́ka sí orúkọ náà. "Kò hàn sí mi dáadáa. Báwo ni wọ́n ṣe ń pè é?"

"Àwẹ̀ró," mo wí. Mo rọra pè é, mo pè é jẹ́jẹ́, mo sì yíjú sí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó dáhùn.